Awó Méjìlá inú Igbó Adáhùn

Ẹ sún mọ́ mi dáadáa, ẹ̀yin ará ilé mi. Ẹni tó bá mọ̀ pé oorun ọ̀sán ń kun òun, kó yáa lọ sùn báyìí, torí mi ò ní bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́ẹ̀mejì nítorí ẹni tó ń hanrun. Èmi Ọdẹ́rìndé ni mò ń sọ̀rọ̀. Ẹ mọ̀ mí. Ọdún kẹtàlélọ́gbọ̀n rè é tí mo ti ń gbé ìbọn kọ́ èjìká. Mo ti bá ẹfọ̀n wọ̀yá ìjà nínú ẹrẹ̀, mo ti sun orí igi kan náà pẹ̀lú ẹkùn, tí a jọ jí láàárọ̀, tí oníkálùkù sì bá tirẹ̀ lọ. Má rẹ́rìn-ín, Lákànmí, ìwọ tí eku ilé ń lé kúrò nínú yàrá! Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìbọn ló sọ mí di ẹni tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ títí dé ìlú kejì. Ẹnu mi ni. Kò sí ẹranko tó ní ìyá tí mi ò lè pè bí ìyá rẹ̀. Bí mo bá ké bí àgbébọ̀ adìyẹ nínú ọgbà yìí, àwọn òròmọdìyẹ á fi ìyá wọn gan-an sílẹ̀ wá bá mi. Àwọn ìyàwó mi ti bá mi jà títí lórí ẹ̀, ó sú wọn.

Ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe ọdẹ, ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ṣe ń dẹ awó fún yín. Bí òjò bá ti kásẹ̀ nílẹ̀, tí àgbàdo ti wọ àká, tí ọyẹ́ àkọ́kọ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́, ìgbà yẹn ni awó máa ń sanra, tí wọ́n ń jẹ̀ ní agbo, ìyá àti ọmọ. O ò lè yọ́ wọn bá. Bí agbo bá jẹ́ méjìlá, ojú mẹ́rìnlélógún ló ń ṣọ́ ọ. Nítorí náà, ńṣe ni ọdẹ máa ń sáré wọ àárín wọn lójijì pẹ̀lú ariwo, táá tú wọn ká. Ọ̀kan á fò lọ sápá ibí, ọ̀kan á sá wọ igbó lọ́hùn-ún. Ọdẹ á wá jókòó síbi tó ti tú wọn ká gan-an, á fẹ̀yìn ti igi, á dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà, á máa ké bí ìyá awó: kẹ̀-kẹ́ẹ̀, kẹ̀-kẹ́ẹ̀. Àwọn tó ti fọ́n ká, tí ẹ̀rù ti ń bà pé àwọn nìkan ló kù, á máa bọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n ṣe ń bọ̀ ni ọdẹ ń yìn wọ́n níbọn.

Ṣùgbọ́n ní ìdílé tiwa, iṣẹ́ kò tíì parí síbẹ̀. Bàbá wa kò gbà kí ẹnikẹ́ni tú agbo awó ká kó sì dìde lọ sílé bẹ́ẹ̀. Bí o bá ti pa èyí tó tó ọ, wàá gbé ìbọn sílẹ̀, wàá tún máa ké, wàá máa pe àwọn tó ṣẹ́ kù títí wọn ó fi kó ara wọn jọ. Àkójọ là ń pe ìpè yẹn. Nígbà mìíràn ó lè gba ìdajì ọjọ́, ebi á sì máa pa ọ́ níbi tó o jókòó sí. Bàbá wa ní ẹni tó bá tú ilé onílé ká tí kò kó o jọ, òun ò lè sọ ohun tó máa tẹ̀lé e wá sílé. Mo máa ń gbọ́, mo máa ń mi orí. Ẹ mọ bí ọmọ ṣe ń gbọ́ ọ̀rọ̀ bàbá tó ti ń darúgbó.

Ọdún tí mò ń sọ yìí, èmi àti àbúrò mi kan ṣoṣo, Ọdẹ́kúnlé, la jọ lọ. Àwa méjèèjì nìkan ni ìyá wa bí kó tó kú. Ó ti tó ẹni ọgbọ̀n ọdún nígbà náà, ó ti ní ìyàwó, Àbẹ̀jẹ́, ìyẹn ò sì tíì já ọmọ lẹ́nu ọmú. A tú agbo awó kan ká létí Igbó Adáhùn. Mo ké, méjì wá, mo pa méjèèjì. Mo ní ó yá, ká máa lọ. Ọdẹ́kúnlé ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, a ò tíì ṣe àkójọ." Mo ní, "Ṣé ìwọ ni ìyá wọn ni?" Ó ní, "Rárá o, ṣùgbọ́n Bàbá ní—" Kó tó parí ọ̀rọ̀ rẹ̀, mo ti fọ́ ọ létí. Àní, mo gbá ọmọ ọlọ́mọ, bàbá ọmọ, létí nínú igbó, nítorí pé ebi ń pa mí, nítorí pé ó tọ̀nà, mo sì mọ̀ pé ó tọ̀nà. Ó jókòó sídìí igi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Mo gbé awó méjì mi kọ́ apá, mo bá tèmi lọ. Mò ń gbọ́ ìpè rẹ̀ lẹ́yìn mi títí mo fi dé odò.

Mo délé, mo fi iyán jẹ awó méjèèjì pẹ̀lú ìdílé mi. Ó dùn o, mi ò ní purọ́. Ọdẹ́kúnlé kò wálé lọ́jọ́ náà. Mo ní inú ló ń bí i, ó ti lọ sùn ní abà. Ọjọ́ kejì, kò dé. Ọjọ́ kẹta, kí oòrùn tó yọ, Àbẹ̀jẹ́ dúró sẹ́nu ọ̀nà mi pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn rẹ̀. Mo ti ń retí pé á pariwo, á bú mi. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Bàbá Àsàbí, ẹ̀yin lẹ mú un jáde nílé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi mú un wá." Mo gbé ìbọn, mo wọ ẹ̀wù gbérí ọdẹ, mi ò dúró jẹun.

Ẹ wò ó, mo ti wọ Igbó Adáhùn nígbà púpọ̀, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ ni mo máa ń mọ. Lọ́jọ́ náà, mo wọ inú rẹ̀. Ọyẹ́ ti mú gan-an, kùrukùru bo ilẹ̀ débi pé mi ò rí ẹsẹ̀ ara mi. Oòrùn yọ, ṣùgbọ́n ńṣe ló funfun lókè bí ẹyin, kò sì gbóná. Gbogbo yín lẹ mọ̀ pé bí ènìyàn bá pariwo nínú igbó ńlá, igbó á dá a lóhùn. Èyí kì í ṣe nǹkan tuntun. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe wọlé tó ibi ọgọ́rùn-ún ẹsẹ̀, ọ̀fun ń yún mi, mo fẹ́ wúkọ́, mo gbọ́ tí ikọ́ tèmi gan-an dún níwájú, kí n tó ya ẹnu! Lẹ́yìn náà ni mo wá wúkọ́. Orí mi wú. Mo fẹ́ sọ pé "Háà," igbó sọ ọ́ ṣáájú mi. Mo pa ẹnu mọ́. Láti ìgbà náà, mò ń gbọ́ ìró ẹsẹ̀ mi níwájú, bí ẹni pé mo ti dé ibi tí mò ń lọ tipẹ́, tí mo sì ń dá rìn kiri níbẹ̀.

Níbi tí ọ̀nà ti pín sí méjì, mo bá ọkùnrin kan tó jókòó sórí kùkùté. Kò ní ẹnu. Ibi tó yẹ kí ẹnu wà lójú rẹ̀ tẹ́jú pẹrẹsẹ bí àtẹ́lẹwọ́. Ìkarahun ìgbín ló tò sílẹ̀ níwájú rẹ̀, ó tó igba, ó tò wọ́n lẹ́sẹẹsẹ. Bó bá fẹ́ sọ̀rọ̀, á gbé ìkarahun kan sókè, ohùn á sì jáde nínú rẹ̀. Ó gbé èyí àkọ́kọ́, ohùn ọmọdébìnrin kan ló jáde.

"Ọdẹ, kí lò ń wá?"

Mo ní, "Àbúrò mi ni mò ń wá, ẹ̀yin bàbá."

Ó gbé ìkarahun mìíràn. Ohùn àgbàlagbà ni, ohùn ẹni tí àárẹ̀ mú. "Ta ni ó lé gbogbo ará ilé jáde tán, tó wá jókòó sẹ́nu ọ̀nà, tó ń fi ohùn dídùn pè wọ́n padà?"

Mo ní, "Aṣiwèrè ni."

Háà! Gbogbo ìkarahun tó wà nílẹ̀ ló rẹ́rìn-ín pa pọ̀, ọmọdé, àgbà, ọkùnrin, obìnrin, ẹ̀rín àwọn tí mi ò rí. Ọkùnrin náà kò rẹ́rìn-ín, kò kúkú ní ohun tó máa fi rín in. Ó gbé ọ̀kan sókè: "Ìwọ ni."

Ó tún bi mí: "Ta ni ọkùnrin tó jókòó sípò ìyá, tó ń ké bí ìyá, tí kò sí ọmọ kankan níwájú rẹ̀?"

Èyí, mo mọ̀ ọ́n. Omi bọ́ lójú mi kí n tó dáhùn. Mo ní, "Àbúrò mi ni."

Ó gbé ìkarahun kékeré kan lé etí mi. Ohùn Ọdẹ́kúnlé ló wà nínú rẹ̀: kẹ̀-kẹ́ẹ̀, kẹ̀-kẹ́ẹ̀, ohùn tó ti há, ohùn ẹni tí kò mu omi láti ọjọ́ mẹ́ta. Mo na ọwọ́ sí i, ó gbà á padà. Ó ní ẹni tó bá fẹ́ kọjá gbọ́dọ̀ fi ohùn kan sílẹ̀. Mo rò ó títí. Mo fún un ní ìpè àparò. Mo ké e sínú ìkarahun òfìfo kan lẹ́ẹ̀kan, ó dí i mọ́ inú rẹ̀ pẹ̀lú ewé, ó tò ó mọ́ àwọn yòókù. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń bi mí pé kí ló dé tí mi ò dẹ àparò mọ́, ìdí rẹ̀ nìyẹn. Bí mo bá ya ẹnu láti pe àparò títí di òní, afẹ́fẹ́ lásán ló ń jáde.

Mo kọjá. Mi ò tíì rìn jìnnà tí mo fi gbọ́ ohùn ìyá mi lápá òsì. Ìyá tó bí mi, tí mo fi ọwọ́ ara mi bu iyẹ̀pẹ̀ lé lórí! Ó fi oríkì mi pè mí, ó ní, "Àjàgbé! Àjàgbé o! Ṣé o ti jẹun?" Bó ṣe máa ń fa "o" yẹn gùn gan-an ló ṣe fà á. Ẹ̀yin ará mi, ẹnikẹ́ni tó bá pe orúkọ yín nínú igbó, ẹ má jẹ́ ẹ títí ẹ ó fi rí i sójú. Mo mọ èyí láti kékeré. Síbẹ̀, "hẹ̀ẹ́n" ti dé eyín mi. Mo gé ahọ́n ara mi jẹ débi pé ẹ̀jẹ̀ kún ẹnu mi. Ohùn náà bá mi rìn díẹ̀, ó ń bi mí bóyá mo ti jẹun, bóyá otútù ń mú mi, bóyá mo ń tọ́jú àbúrò mi. Èyí tó bi mí kẹ́yìn yẹn ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí.

Níkẹyìn, mo jáde sí gbangba kan láàárín igbó. Ibẹ̀ mọ́ bí àgbàlá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá. Ìyá arúgbó kan dúró láàárín kùrukùru. Aṣọ dúdú ló ró, tó kún fún àmì funfun tótòtó láti òkè délẹ̀. Orí rẹ̀ pá, ìwo kékeré kan wà ní àtàrí rẹ̀, ẹran pupa méjì ń mì lábẹ́ àgbọ̀n rẹ̀ bó ṣe ń sọ̀rọ̀. Ẹ̀gbẹ́ ojú kan ló fi ń wo ènìyàn, á wá yí orí, á fi ẹ̀gbẹ́ kejì wò ó. Awó mẹ́wàá ló ń jẹ̀ yí i ká. Ẹnì kọkànlá wọn nínú gbangba yẹn ni Ọdẹ́kúnlé. Ó lóṣòó sáàárín àwọn awó, ó ń fi ìka ọwọ́ méjèèjì tú ilẹ̀, iyẹ̀pẹ̀ kún irùngbọ̀n rẹ̀. Mo pè é. Ó yí orí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó fi ojú kan wò mí, ó sì ń bá ilẹ̀ títú lọ. Mi ò tíì rí ohun tó bà mí lẹ́rù tó ojú kan yẹn.

Mo gbé ìbọn sí arúgbó náà. Kò sá. Mo wo ẹnu ìbọn, ojú ìyá mi ni mo rí lórí ọrùn rẹ̀, ó ń wò mí pẹ̀lú àánú. Mo sọ ìbọn kalẹ̀, mo kí i.

"Ìyá, ẹ kúulé o. Àbúrò mi ni mo wá mú."

Ó ní, "Ọmọ dáadáa ni. Ọmọ méjìlá ni mo ní. Mo lọ wá omi, ìgbà tí mo dé, mo bá ibùjẹ wọn ní títú ká, kò sí ẹnì kan níbẹ̀. Ọmọ yìí ló jókòó tó ń bá mi pè wọ́n. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi pè wọ́n. Mẹ́wàá ti dé. Ó ku méjì." Ó yí orí, ó fi ojú kejì wò mí. "Mo ti fi òun dí àyè ọ̀kan. Ìwọ náà ní ohùn, mo ń gbọ́ ọ. Jókòó, kí o dí àyè ìkejì títí wọn ó fi dé."

Ẹ gbọ́ o! Kò mọ̀. Kò mọ̀ pé iyán ni mo fi jẹ wọ́n. Ẹsẹ̀ mi ti ń tutù, mo wolẹ̀, mo rí i pé ọwọ́ mi ti fẹ́ máa tú iyẹ̀pẹ̀ fúnra rẹ̀. Mo yára sọ̀rọ̀. Mo ní, "Ìyá, ẹ jẹ́ ká bá ara wa ṣe àdéhùn. Ẹ dúró lápá ọ̀hún, kí n dúró lápá ibí. Ká pe àbúrò mi, ẹ̀ẹ̀mẹta fún yín, ẹ̀ẹ̀mẹta fún mi. Bó bá tọ̀ yín wá, èmi náà á jókòó. Bó bá tọ̀ mí wá, ẹ jẹ́ ká lọ." Inú mi sì dùn lábẹ́lẹ̀. Ta ló lè bá Ọdẹ́rìndé du ìpè? Ó gbà.

Òun ló kọ́kọ́ pè, pẹ̀lú ohùn ìyá wa àti oríkì Ọdẹ́kúnlé. "Àdìgún, ọmọ mi, wá jẹun." Ọdẹ́kúnlé dìde nílẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ mẹ́ta lọ sọ́dọ̀ rẹ̀. Ó kàn mí. Mo ké bí ìyá awó, ìpè tó dára jù tí mo tíì ké láyé mi. Awó mẹ́wẹ̀ẹ̀wá gbé orí sókè. Ọdẹ́kúnlé nìkan ni kò gbé tirẹ̀. Arúgbó pè é lẹ́ẹ̀kejì, ó tún gbé ẹsẹ̀ mẹ́ta. Mo fi ohùn bàbá wa pè é, ohùn líle tí kì í dúró kí ènìyàn rò ó wò. Ńṣe ló gbọ̀n, ó fi ọwọ́ bo etí tí mo gbá, ó sún sẹ́yìn kúrò lọ́dọ̀ mi. Arúgbó pè é lẹ́ẹ̀kẹta. Ó ku ẹsẹ̀ kan kó fọwọ́ kan aṣọ tótòtó yẹn, ó dúró.

Ó wá kan ìpè mi ìkẹyìn. Mo ní kí n fi ohùn ara mi pè é. Mo ya ẹnu. Ẹ̀yin ará mi, mo wá gbogbo inú mi, mi ò rí ohùn kankan tí mo ti fi pe àbúrò mi rí tí kì í ṣe "Ìwọ yìí," tí kì í ṣe "Òpònú," tí kì í ṣe "Ṣé o ò gbọ́ ni?" Ọgbọ̀n ọdún! Mo lè pe gbogbo ẹran inú igbó, mi ò mọ bí a ṣe ń pe ọmọ ìyá mi. Mo nà gbalaja sílẹ̀, mo fi àyà lélẹ̀, mo fi iwájú orí kan iyẹ̀pẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ fún àbúrò mi. Mo ní, "Àdìgún, mo jẹ̀bi. Kò yẹ kí n gbá ọ. O tọ̀nà, mo sì mọ̀. Jọ̀ọ́."

Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ohùn ènìyàn, ohùn tó há, tí ìpayà kún inú rẹ̀: "Yéè! Ẹ̀gbọ́n mi! Kí lẹ ń ṣe yẹn? Ẹ dìde! Ṣé ẹ fẹ́ ṣépè fún mi ni? Èmi ni ẹ ń dọ̀bálẹ̀ fún? Ẹ dìde ńlẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹnìkan á rí yín!" Ó ti sáré dé ọ̀dọ̀ mi, ó ti ki ọwọ́ bọ abẹ́ apá mi méjèèjì, ó ń fà mí sókè, ó ń gbọn iyẹ̀pẹ̀ kúrò láyà mi, ó ń sunkún. Ojú rẹ̀ méjèèjì ló fi ń wò mí. Mo dì mọ́ ọn bí ẹni tó ń rì sómi.

Arúgbó náà kò bínú. Ó mú àdéhùn rẹ̀ ṣẹ. Ó jókòó sílẹ̀ láàárín àwọn ọmọ rẹ̀, ó kà wọ́n, ó dé ẹ̀wá, ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ení. Bí a ṣe fẹ́ wọ igbó, ó pè mí. Ohùn ara rẹ̀ ló fi pè mí lọ́tẹ̀ yìí, ohùn tínrín, ohùn arúgbó lásán.

Ó ní, "Ọdẹ, tìrẹ ti tọ̀ ọ́ wá. O mọ igbó yìí, o sì ń rìn kiri. Ṣé o ò rí àwọn méjì tèmi lọ́nà? Bó o bá mọ ibi tí wọ́n wà, sọ fún mi, kí n yé pè wọ́n. Ó ti rẹ̀ mí."

Ọdẹ́kúnlé wò mí. Òun náà mọ̀. Ó fa aṣọ mi díẹ̀, bí ẹni ń sọ pé kí n sọ ọ́.

Mo ní, "Ìyá, wọ́n ń bọ̀."

Ojú rẹ̀ tàn. Ó ní, "O ṣeun, ọmọ mi. Orí á bá ọ tọ́jú àwọn tìrẹ." Ó dìde, ó gbọn aṣọ rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ké lákọ̀tun. A gba ọ̀nà ilé lọ, èmi àti àbúrò mi, títí a fi rí Àbẹ̀jẹ́ létí odò.

Ọ̀rọ̀ mi tán. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà máa ń gbọ́ ọ, bí ọyẹ́ bá ti dé, awó kan tó máa ń ké láti ìhà ibẹ̀ yẹn, láti òwúrọ̀ títí oòrùn á fi wọ̀. Ẹ máa ń bi ara yín pé awó wo ni kì í rẹ̀ yìí. Lọ́dọọdún ni mo máa ń gbéra kí n lọ sọ fún un, mo máa ń dé odò, mo máa ń padà. Mo ti dojú kọ ẹfọ̀n, mo ti bá ẹkùn sùn, gbogbo yín lẹ mọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, bí ẹnì kan bá wà nínú yín tó láyà jù mí lọ, kó bá mi lọ sọ fún un.